Ischyros: ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó di "alágbára" nínú Bíbélì Yorùbá

Ní ìṣọ́ òru àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ tí ohùn máa ń ròkè lé lórí jù lọ ni "alágbára". Wọ́n á ní kí àwọn èèyàn de alágbára ilé baba, kí wọ́n de alágbára ilé ìyá, kí wọ́n sì gba gbogbo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Inú Bíbélì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, níbi tí Jésù ti sọ pé kò sẹ́ni tó lè wọ ilé alágbára kó kó ẹrù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ dè é. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kọ́ ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Gíríìkì ni. Ohun tó sì wà níbẹ̀ lédè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀-àpèjúwe kan tí wọ́n ń pè ní ischyros.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé ju ẹ̀sìn Kristẹni lọ. Àwọn akéwì lò ó, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ jiyàn lé e lórí, àwọn oníṣègùn fi júwe oúnjẹ, àwọn ọmọ ogun fi júwe odi ìlú. Nígbà tó wọ inú Ìwé Mímọ́, ó di orúkọ tí wọ́n ń fi pe Ọlọ́run. Títí di òní olónìí, wọ́n ṣì ń lò ó nílẹ̀ Gíríìsì nígbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ jà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí "alágbára" túmọ̀ sí nínú Májẹ̀mú Tuntun kò ní ṣàì tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn wọ̀nyí.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní lẹ́tà Gíríìkì nìyí: ἰσχυρός. Lóde òní, àwọn ará Gíríìsì máa ń pè é bí "is-hi-rós", wọ́n á sì tẹ sílébù ìparí mọ́lẹ̀. Láyé àtijọ́, pípè rẹ̀ yàtọ̀: lẹ́tà χ dà bíi k tí èémí jáde lẹ́yìn rẹ̀, fáwẹ́lì àárín sì jẹ́ èyí tí wọ́n ń ká ètè jọ pè, irú èyí tó wà nínú èdè Faransé. Àmì tó wà lórí sílébù ìparí yẹn kò ní ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ohùn òkè ni. Gíríìkì àtijọ́ jẹ́ èdè tí ohùn ń lọ sókè tó ń lọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo sílébù ló ń gba ohùn tirẹ̀ bíi ti Yorùbá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ Yorùbá lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti ṣẹ̀. Aristophanes ará Byzantium, tó ṣe olórí ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 200 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n gbà pé ó kọ́kọ́ dá àwọn àmì náà sílẹ̀, kí àwọn àjèjì tó ń kọ́ èdè náà má baà ṣì í pè.

Ọ̀rọ̀-àpèjúwe Gíríìkì kì í dúró lójú kan. Bí ohun tó ń júwe bá jẹ́ akọ, ischyros ni. Bó bá jẹ́ abo, ischyra. Bí kò bá jẹ́ akọ tí kò jẹ́ abo, ischyron. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ pé ẹnì kan lágbára ju ẹlòmíràn lọ, wọ́n á pè é ní ischyroteros. Èyí tó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bọ̀ níwájú.

Kò ṣòro láti rí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan wà tó ń jẹ́ ischys, tó túmọ̀ sí agbára tàbí okun. Wọ́n fi àfòmọ́ ẹ̀yìn -ros kún un, ó di ischyros, ẹni tó ní okun tàbí ohun tó ní okun. Àfòmọ́ kan náà ló sọ phobos, ìbẹ̀rù, di phoberos, ohun tó ń bani lẹ́rù. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ibi tí ischys fúnra rẹ̀ ti wá.

Àlàyé tó gbajúmọ̀ jù ni pé ó bá ọ̀rọ̀-ìṣe echo tan, èyí tó túmọ̀ sí "ní" tàbí "dì mú", tí òun náà ní ẹ̀dà kan tó ń jẹ́ ischo, "dì í mú pinpin, má jẹ̀ẹ́ kó lọ". Àwọn onímọ̀ nípa èdè sọ pé gbòǹgbò àtayébáyé tó bí echo ni segh-, èyí tí wọ́n rí àwọn ọmọ rẹ̀ káàkiri láti Íńdíà títí dé Jámánì. Nínú èdè Sanskrit, sahas ni agbára àti ìṣẹ́gun. Nínú èdè Jámánì, Sieg ni ìṣẹ́gun. Ẹni tó di ọ̀tá mú tí ọ̀tá kò lè já gbà ti ṣẹ́gun, ẹni tó sì lè di nǹkan mú ló lágbára. Bí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe so kọ́ra nìyẹn.

Síbẹ̀, ìdènà kan wà lójú ọ̀nà àlàyé yìí. Hesychius, ará Alẹkisáńdíríà tó kó àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n jọ sínú ìwé atúmọ̀ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, kọ ẹ̀dà ischys kan sílẹ̀ tó ní lẹ́tà b níwájú, ó sì kọ òmíràn tó ní lẹ́tà g. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti fìgbà kan ní ìró w níwájú kó tó pòórá lẹ́nu àwọn èèyàn. Kò sì sí w kankan níwájú ischo. Nítorí èyí, àwọn kan sọ pé wi- ni wọ́n fi ṣe àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún gbòǹgbò segh-, àwọn mìíràn sì sọ pé kí wọ́n má tilẹ̀ so ó mọ́ segh- rárá. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ṣùgbọ́n láyé àtijọ́ pàápàá, àwọn Gíríìkì tó ń sọ èdè náà gbọ́ echo nínú ischys, ohun tí àwọn tó ni èdè bá sì gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn máa ń darí bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní ṣàì rí i pé ohun kan náà wà nínú "alágbára". Oní àti agbára ló di alágbára, "ní" ló sì wà nínú oní. Èdè méjèèjì tí kò bá ara wọn tan rárá gbà pé agbára jẹ́ ohun tí èèyàn ń ní lọ́wọ́, bí ẹni ní owó tàbí ní ilẹ̀. Echo yìí kan náà ló tún bí schole, ìsinmi, àkókò tí èèyàn dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó wá di ibi tí àwọn tó ráyè ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Láti Gíríìkì ó bọ́ sínú Látìnì, ó gba ibẹ̀ dé Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di "súkúù" lẹ́nu Yorùbá. Bí àwọn tó so ischys mọ́ echo bá jàre, ìbátan ni súkúù àti alágbára inú Bíbélì.

Homer, akéwì tí gbogbo Gíríìkì ń fi búra, kò lo ischyros. Ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn fún akọni: krateros, alkimos, iphthimos. Hesiod, tí ó súnmọ́ àkókò rẹ̀, ló lo ischys nígbà tó ń ka àwọn Cyclops olójú kan tó rọ àrá fún Zeus. Ó so ó pọ̀ mọ́ bia, èyí tó jẹ́ ipá, àti mọ́ ọgbọ́n ọwọ́. Èyí fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀, ischys àti bia kì í ṣe ohun kan náà. Bia ni ipá tí wọ́n fi ń múni láìfẹ́; ischys ni okun tó wà nínú eegun àti iṣan kó tó di pé ẹnikẹ́ni lò ó.

Nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ wọn, ọkùnrin kan tilẹ̀ wà tó ń jẹ́ Ischys, tó túmọ̀ sí Agbára gan-an. Òun ni Coronis bá sùn nígbà tí oyún òrìṣà Apollo ṣì wà nínú obìnrin náà. Wọ́n pa Coronis nítorí ẹ̀ṣẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n wọ́n yọ ọmọ inú rẹ̀ nínú iná tí wọ́n fẹ́ fi sun òkú rẹ̀. Ọmọ náà ni Asclepius, tó di òrìṣà ìṣègùn. Pindar sọ ìtàn yìí nínú ọ̀kan nínú àwọn orin ìyìn rẹ̀.

Nígbà tó fi máa di ọ̀rúndún karùn-ún àti ìkẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ischyros ti di ọ̀rọ̀ tí tolórí tẹlẹ́mù ń lò. Àwọn òpìtàn bíi Herodotus àti Xenophon fi ń júwe ibi tó le láti gbà lójú ogun, orí òkè tàbí ìlú olódi. Àwọn oníṣègùn tó tẹ̀lé Hippocrates fi ń júwe oúnjẹ tó wúwo jù fún ikùn aláìsàn. Wọ́n ní oúnjẹ líle tí ẹnikẹ́ni kò sè, tí wọn kò sì pò mọ́ nǹkan mìíràn ló ń pa àwọn èèyàn ìgbà ìwáṣẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi wá ọgbọ́n oúnjẹ sísè. Òfin tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ náà jẹ́ ischyros. Yorùbá kò ní lo "alágbára" fún gbogbo ìwọ̀nyí. Odi á le, oúnjẹ á wúwo, òfin á fẹsẹ̀ múlẹ̀, atẹ́gùn á fẹ́ tagbára-tagbára. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dání, níwọ̀n ìgbà tí ohun náà bá ti dúró gbọin-gbọin tí kò ṣeé yẹ̀ nídìí.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni wọ́n wá fún un ní ààlà. Nínú ìwé Plato tó ń jẹ́ Protagoras, Socrates fẹ́ fi ọgbọ́n mú Protagoras gbà pé ìmọ̀ àti ìgboyà jẹ́ ohun kan náà. Protagoras kọ̀. Ó ní bí Socrates bá ń bá ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé yóò sọ pé ìmọ̀ àti okun náà jẹ́ ọ̀kan. Ó wá fi ìyàtọ̀ hàn: gbogbo ẹni tó jẹ́ ischyros ló jẹ́ dynatos, ẹni tó lè ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ́ dynatos ló jẹ́ ischyros. Ìdí rẹ̀ ni pé dynamis, ìyẹn lílè ṣe nǹkan, lè ti ara ìmọ̀ wá, ó lè ti ara wèrè tàbí ìbínú wá, ṣùgbọ́n ischys kò ní orísun mìíràn ju àdámọ́ àti ìtọ́jú ara lọ. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lè fa ilẹ̀kùn ya lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kò sọ ọ́ di alágbára. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ya ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́tọ̀ kedere.

Nínú ìwé Plato mìíràn, Gorgias, ọ̀rọ̀ náà di ti ìṣèlú. Callicles sọ pé ẹ̀tọ́ ni kí ẹni tó sàn jù máa jọba lórí ẹni tó rẹlẹ̀. Socrates bi í léèrè: ṣé ẹni tó sàn jù àti ẹni tó lágbára jù, ischyroteros, jẹ́ ọ̀kan náà? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn lágbára ju ẹnì kan lọ, a jẹ́ pé òfin tí ọ̀pọ̀ èèyàn fọwọ́ sí ló tọ̀nà. Callicles fìbínú yí ohùn padà pé kì í ṣe okun ara lòun ń sọ. Aristotle ní tirẹ̀ kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ sísọ, ó ṣàlàyé pé ischys ni agbára láti mú nǹkan mìíràn kúrò níbi tó wà bó ṣe wuni, yálà nípa fífà, títì, gbígbé, títẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí fífún pọ̀. Ìtumọ̀ tí ẹni tó ń ja ìjàkadì lè fi ọwọ́ kàn ni.

Ìyípadà ńlá dé nígbà tí àwọn Júù tó ń gbé Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ Ìwé Mímọ́ wọn láti èdè Hébérù sí Gíríìkì, láti ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù. Nínú Hébérù, ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Ọlọ́run ni El. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí theos, Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ní àwọn ibì kan, ho ischyros ni wọ́n kọ, Alágbára náà, nítorí pé àwọn atúmọ̀ náà gbọ́ ìró agbára nínú El. Ó hàn kedere nínú orin ìdúpẹ́ Dáfídì tó wà nínú Sámúẹ́lì Kejì, orí 22. Ní ẹsẹ̀ 33 níbẹ̀, ìdílé agbára mẹ́ta ló pàdé nínú gbólóhùn kan: ischyros, krataios àti dynamis. Aquila, Júù kan tó túmọ̀ Ìwé Mímọ́ lákọ̀tun ní ọ̀rúndún kejì lẹ́yìn ìbí Jésù, mú un le sí i. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Hébérù kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan ṣoṣo tó dúró fún un, ischyros ló sì yàn fún El. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń júwe ìjàkadì àti odi ìlú ṣe di orúkọ Ọlọ́run.

Nínú Májẹ̀mú Tuntun, ischyros fara hàn ní nǹkan bí ìgbà 30. Nígbà tí ọmọ onínàákúnàá ná owó rẹ̀ tán, ìyàn tó mú ní ìlú náà jẹ́ ischyra nínú ìwé Lúùkù. Yorùbá á pè é ní ìyàn ńlá. Igbe tí Jésù ké sí Ọlọ́run nínú lẹ́tà sí àwọn Hébérù jẹ́ ischyra. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí Jòhánù kọ̀wé sí jẹ́ ischyroi. Áńgẹ́lì tó ju ọlọ ńlá sínú òkun nínú Ìfihàn jẹ́ ischyros, ìlú Bábílónì tó wó lulẹ̀ nínú ìwé kan náà sì jẹ́ ischyra kó tó wó. Àwọn tó kórìíra Pọ́ọ̀lù ní Kọ́ríńtì sọ pé lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ischyrai, ṣùgbọ́n bó bá dé fúnra rẹ̀, kò jọni lójú.  Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn ará Kọ́ríńtì tẹ́lẹ̀ pé ohun tó jẹ́ àìlera lọ́dọ̀ Ọlọ́run jẹ́ ischyroteron, ó lágbára ju ti èèyàn lọ. Ọ̀rọ̀ tó lò fún àìlera níbẹ̀, asthenes, ọ̀rọ̀ agbára mìíràn ló wà nínú rẹ̀: sthenos, tí wọ́n fi "a" aláìní ṣíwájú.

Ìṣòro tí àwọn atúmọ̀ Yorùbá bá pàdé níbí kò kéré. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, tó ṣe gbòógì nínú iṣẹ́ Bíbélì Yorùbá tó parí lọ́dún 1884, ti kọ́ èdè Gíríìkì. Ó mọ̀ pé Gíríìkì ní ischys, dynamis, kratos, bia àti exousia, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní àyè tirẹ̀. Yorùbá náà ní agbára, okun, ipá àti àṣẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi wọ́n dọ́gba pẹ̀lú Gíríìkì, okun ni ì bá súnmọ́ ischys jù, ipá á bá bia lọ, àṣẹ á bá exousia lọ. Ṣùgbọ́n "agbára" ni ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù, òun ni wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú ẹrù náà lé lórí. Ní Éfésù orí 1 ẹsẹ̀ 19, Pọ́ọ̀lù to ọ̀rọ̀ agbára mẹ́rin léra wọn bí ẹni to bíríkì: dynamis, energeia, kratos àti ischys. Ẹni tó bá ń ka Yorùbá á gbọ́ pé agbára náà pọ̀, kò sì ní mọ̀ pé mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ̀bi atúmọ̀ kọ́ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì náà bá a jìjàkadì.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ alágbára tí wọ́n ń dè. Máàkù orí 3, Mátíù orí 12 àti Lúùkù orí 11 ni ó wà. Àwọn akọ̀wé òfin ti sọ pé agbára olórí àwọn ẹ̀mí èṣù ni Jésù fi ń lé ẹ̀mí èṣù jáde. Ó dá wọn lóhùn pẹ̀lú àpèjúwe olè: ẹni tó fẹ́ kó ilé ho ischyros gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ de onílé. Kò sí ọ̀rọ̀ "ọkùnrin" nínú Gíríìkì náà. Ischyros nìkan ni, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kékeré iwájú rẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹni pàtó ni. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ọkùnrin kún un, Yorùbá sì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó tún ṣe kókó ni pé ẹyọ ni ọ̀rọ̀ náà. Nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, alágbára kan ṣoṣo ló wà, Sátánì ni àpèjúwe náà sì ń tọ́ka sí. Kò sí alágbára ilé baba níbẹ̀, kò sí ti ilé ìyá, kò sí àgbàlagbà kankan nínú ẹbí tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni máa fura sí.

Lúùkù fi ohun kan kún tirẹ̀ tí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Ó ní ẹni tó wá ṣẹ́gun alágbára náà jẹ́ ischyroteros, ẹni tó lágbára jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni Jòhánù Onítẹ̀bọmi ti lò ní orí 3 ìwé kan náà nígbà tó sọ pé ẹnì kan tó lágbára ju òun lọ ń bọ̀. Ẹni tó ń ka Gíríìkì á rí okùn tó so ibi méjèèjì pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: ẹni tí Jòhánù ṣèlérí ló wọ ilé alágbára. Jésù kò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé kó lọ de alágbára. Ó ń ṣàlàyé ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣe. Bí pásítọ̀ kan bá fẹ́ gbé ẹ̀kọ́ dídè alágbára ìdílé kalẹ̀, ó lè wá ẹ̀rí rẹ̀ níbòmíràn. Ischyros kò jẹ́rìí sí i. Ó sì yẹ kí èyí dun àwọn èèyàn létí, nítorí pé ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n baba tó rọra ń jẹun tirẹ̀ ní abúlé ni wọ́n máa ń lẹ orúkọ "alágbára" mọ́ lára, lọ́pọ̀ ìgbà láti ẹnu ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà ti da ìlú rú ni Kọ̀nsitantinópù. Orin kan wà nínú ìsìn àwọn Kristẹni Ìlà Oòrùn tí wọ́n ń pè ní Trisagion, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pe Ọlọ́run ní mímọ́ nínú rẹ̀: wọ́n pè é ní Ọlọ́run, wọ́n pè é ní Ischyros, wọ́n sì pè é ní Aláìkú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí ilẹ̀ ń mì tìtì ní ìlú náà lásìkò bíṣọ́ọ̀bù Proclus, láàárín ọdún 434 sí 446, wọ́n gbé ọmọdé kan lọ sókè ọ̀run, ibẹ̀ ló ti gbọ́ orin náà. Èyí tó dájú ni pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù pariwo rẹ̀ ní ìpàdé Chalcedon lọ́dún 451. Lẹ́yìn náà ni Peter tí wọ́n ń pè ní Alágbàfọ̀, bíṣọ́ọ̀bù Áńtíókù, fi gbólóhùn kan kún un pé ẹni tí wọ́n ń kọrin sí yìí ni wọ́n kàn mọ́ àgbélébùú. Àwọn kan ní èyí túmọ̀ sí pé Ọlọ́run Aláìkú kú. Nígbà tí Ọba Anastasius gbà kí wọ́n máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Kọ̀nsitantinópù lọ́dún 512, ìjà ìgboro bẹ́ sílẹ̀, wọ́n sun ilé, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọba fúnra rẹ̀ ní láti jókòó níwájú èrò láìdé adé, ó ní bí wọ́n bá fẹ́, òun á fi ipò sílẹ̀, kí wọ́n tó ṣíwọ́. Orin náà kò parẹ́. Ìjọ Àgùdà máa ń kọ ọ́ ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ní Gíríìkì àti ní Látìnì pa pọ̀, nínú ètò ìsìn àtijọ́ ti Róòmù, àwọn ọmọ ìjọ náà ní ilẹ̀ Yorùbá sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa láti inú àdúrà Àánú Ọlọ́run tí wọ́n ń fi rosárì gbà.

Àwọn èèyàn náà fi ọ̀rọ̀ yìí sọ ọmọ wọn, bí Yorùbá ṣe ń sọ ọmọ ní Akin. Ischyrion jẹ́ òṣìṣẹ́ lábẹ́ ìjòyè kan ní Íjíbítì nígbà tí Ọba Decius ń ṣe inúnibíni sí àwọn Kristẹni, láàárín ọdún 249 sí 251. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó rúbọ sí òrìṣà, ó kọ̀, ọ̀gá náà sì fi igi ṣóńṣó gún un pa. Ischyras ní tirẹ̀ kò jọ orúkọ rẹ̀ rárá. Ó ń pe ara rẹ̀ ní àlùfáà ní abúlé kékeré kan ní Mareotis, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alẹkisáńdíríà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó fi í joyè kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdíríà, rán Macarius láti pè é wá jẹ́jọ́, àwọn ọ̀tá Athanasius tan ìròyìn pé Macarius dojú pẹpẹ dé, ó sì fọ́ ife mímọ́. Ischyras kọ̀wé lẹ́yìn náà pé wọ́n fi agbára mú òun sọ ọ́ ni. Síbẹ̀ wọ́n gbé ẹ̀sùn náà dìde lẹ́ẹ̀kan sí i ní ìpàdé Tyre lọ́dún 335, Ischyras sì padà sẹ́yìn wọn. Wọ́n rọ Athanasius lóyè, Ọba Constantine sì lé e lọ sí Trier, ní ìlú tó wà ní Jámánì lónìí. Gẹ́gẹ́ bí Athanasius ṣe kọ ọ́, wọ́n san èrè fún Ischyras: wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù abúlé rẹ̀.

Lẹ́nu àwọn ará Gíríìsì òde òní, ischyros ti di ọ̀rọ̀ àgbà. Bí ọmọdé bá fẹ́ sọ pé baba òun lágbára, dynatos ló máa lò, ọ̀rọ̀ tí Protagoras yà sọ́tọ̀ ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn ti gba ipò lọ́wọ́ èkejì. Ischyros ni wọ́n ń lò fún owó orílẹ̀-èdè tó dúró dáadáa, fún ìjọba tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, àti fún agbára tó so àwọn ohun kéékèèké inú átọ̀mù pọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ fìsíìsì. Òfin tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ischyei ni wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe tó ti ara ischys jáde. Wọ́n sì ń tẹ ọ̀rọ̀ náà sára tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ láti sọ ọjọ́ tó máa ṣiṣẹ́ dà. Nígbà tí ilẹ̀ bá mì, bí ó ti máa ń ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ní ilẹ̀ náà, ìwé ìròyìn á kọ ọ́ pé ischyros seismos ni. Bí afẹ́fẹ́ òkun Aegean bá sì ń bọ̀ tagbára-tagbára, ischyroi anemoi ni ẹni tó ń ka ojú ọjọ́ máa wí, àwọn tó ní ọkọ̀ ojú omi kékeré á sì so ó mọ́ èbúté di ọjọ́ kejì.